Ojúewé Aago Tó Ń Tiro

Aníka ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, orúkọ náà sì ní ìdí. Ọdún márùndínlógójì ló fi jẹ́ táípíìsì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ilẹ̀. Ọ̀gá á máa pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó tó pa ẹnu dé, ìka obìnrin yìí á ti gbé e sórí ìwé láìṣi lẹ́tà kan. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Aníka, ẹni tó ní ìka. Àwọn aláwàdà ibẹ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn gbé e ṣubú, wọ́n á ní, "Aníkà ti dé o." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n tún ohùn wọn ṣe kí òun tó fi ìkà ọ̀hún hàn wọ́n. Ẹ̀rín náà kì í dé inú. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé orúkọ kejì yẹn gan-an ló tọ́ sí òun.

Bàbá rẹ̀ ló ń tún aago ṣe. Iyàrá iwájú ilé wọn, tó kọjú sí títì, ni ṣọ́ọ̀bù bàbá: tábìlì gígùn kan lábẹ́ fèrèsé, àpótí kéékèèké tó kún fún irin eléyín àti síkúrù tó kéré bí ẹyin èèrà, àti gíláàsì dúdú kan tí bàbá máa ń há sójú ọ̀tún bó bá ń ṣiṣẹ́. Àbúrò kan ṣoṣo ni Aníka ní, ọdún márùn-ún ló fi jù ú lọ. Dúró-ná ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí kò sígbà tí wọ́n á ní kó yára tí kò ní dáhùn pé, "Ẹ dúró ná." Ó lọ́ra nínú ohun gbogbo, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, bàbá fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé ọmọ náà á mọ iṣẹ́ yìí ju òun lọ.

Bàbá ní orúkọ tirẹ̀ fún gbogbo àìsàn aago. Èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti dẹ̀, ó ní ó ti darúgbó. Èyí tó ń sáré ju àkókò lọ, ó ní ajá ń lé e. Aago ògiri tí ìró rẹ̀ kò bára dọ́gba, tí ọ̀kan gùn tí èkejì kúrú, ó ní ó ń tiro. Aago tó ń tiro kì í rìn jìnnà kó tó dúró, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò bàjẹ́ rárá, wọ́n kàn gbé e kọ́ láìtọ́ ni. Dúró-ná á fetí sí i, á rọra ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sápá kan, títí ìró méjèèjì á fi bára mu.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan gbé aago ńlá wá. Bàbá ní kó tú u, ó sì kìlọ̀ fún un bó ṣe máa ń kìlọ̀, pé kó kọ́kọ́ rọ sípíríǹgì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí sípíríǹgì tí wọ́n ti wé, ejò ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Aníka fẹ́ lọ ṣe ìdánwò táípíìsì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wúwo, àbúrò rẹ̀ ló máa bá a rù ú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó yára. Ìyẹn ní, "Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n mi." Aníka tún ní kó yára. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bú u débi pé ọmọ náà ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà, wọ́n jáde. Aago wà lórí tábìlì ní àtúàbọ̀. Bàbá wọlé, ó rò pé wọ́n ti rọ̀ ọ́ sílẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ láti wò ó dáadáa. Sípíríǹgì fò jáde, ó sì fọ́ ọ lójú ọ̀tún.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi di orí rẹ̀, bàbá sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ pé, "Kúrò lójú mi." Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ìrora ń jẹ lè sọ ni. Aníka wà níbẹ̀. Ó ń retí kí àbúrò rẹ̀ sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kán òun lójú. Dúró-ná kò sọ ọ́. Òun náà kò sì sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọmọ náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ.

Aníka yege nínú ìdánwò náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Bàbá kọ́kọ́ ní bí ebi bá pa ọmọkùnrin òun, á wálé. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n wá a lọ. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Bàbá wá ń gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, ó ń fi ojú kan ṣoṣo wo gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Aníka lọ sílé ọkọ, ọkọ kú láìbímọ, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "yára" tó sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn wà nínú rẹ̀ bí eegun ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀.

Nígbà tí ayélujára dé, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í tẹ orúkọ àbúrò rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Agbábọ́ọ̀lù kan á yọjú, oníwàásù kan á yọjú, ọkùnrin kan tó ń ta táyà náà á yọjú. Ọdún tó fẹ̀yìn tì ló forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà nílé ìkówèésí. Obìnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ló ń kọ́ wọn, Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é, kò lẹ́rìn-ín lẹ́nu, àmọ́ kì í tètè sú u. Ọjọ́ kan ni Aníka bi í ní ìbéèrè kan. Ó ní bí èèyàn bá ń wá ẹnì kan, tí onítọ̀hún náà bá ń wá a, àmọ́ tí kò síbi tí wọ́n lè pàdé ńkọ́? Tíṣà wò ó. Ó ní, "Ẹ kọ́lé síbẹ̀ nígbà náà, Màmá. Ẹ ṣe ìkànnì tiyín."

Oṣù kan ni wọ́n fi ṣe é. Aníka gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì síwájú, ó kọ gàdàgbà sókè pé: Ìkànnì Ìrántí Bàbá Wa. Láràárọ̀, kó tó fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ, á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á tẹ ọ̀rọ̀ nípa aago, á máa ṣí ojúewé dé ojúewé láti wo ibi tí ìkànnì òun wà. Kò sí níbì kankan. Nígbà tó fi máa rí i, ojúewé kejìlá ló wà.

Tíṣà ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ tó ń bá aráyé wá nǹkan ní àwọn ìránṣẹ́ tó ń rìn káàkiri gbogbo ìkànnì, tí wọ́n ń ka ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, èyí tó bá dá ìbéèrè náà lóhùn jù ni ẹ̀rọ ń gbé síwájú. Ẹni tó wà ní ojúewé kejìlá dà bí ẹni tó ń kí adití láti ẹ̀yìnkùlé.

Ó bi í pé, "Ta ló máa tẹ 'Ìkànnì Ìrántí Bàbá Wa,' Màmá? Ẹni tí aago rẹ̀ dúró kò wá bàbá yín. Ohun tó ṣe aago rẹ̀ ló ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà dun Aníka, àmọ́ ó gbé e rò títí dé ilé, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ní kó kúrò lójú bàbá rẹ̀ kò ní wá bàbá náà. Ojú á tì í, tàbí ẹ̀rù á bà á. Àmọ́ bó bá wà láyé, aago ló máa máa tún ṣe, ó sì lè wá nǹkan nípa aago. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun gbogbo tí bàbá mọ̀, àìsàn kan sí ojúewé kan. Ó lo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ lẹ́nu: aago ògiri mi dúró, aago mi ń sáré, aago mi kì í lù mọ́. Ojúewé kan ló fi ọ̀rọ̀ bàbá nìkan kọ, Aago Tó Ń Tiro. Tíṣà ní kò sẹ́ni tó ń tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aníka ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn àyà gbé ìyá dè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, orúkọ Dúró-ná ló ń pè. Dókítà ní kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí kọ̀wé sí Aníka pé òun lè gbé ìkànnì rẹ̀ dé iwájú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sọ fún Tíṣà. Ó gbà.

Ọkùnrin náà kó ọ̀rọ̀ "aago" kún gbogbo ojúewé bí ẹni ń da iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò, ó ní kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì tẹ́tẹ́ àti ti òògùn àìmọ̀dí na ìka sí ti Aníka pé ibẹ̀ ló dáa. Lóòótọ́, ìkànnì náà fò dé ojúewé kejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, bí oṣù kẹta ṣe ń parí lọ, ó pòórá. Kò sí ní ojúewé kejìlá, kò sí ní ogún, kò sí níbì kankan. Ẹ̀rọ ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ tan òun jẹ, ó sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ara ìyá yá. Aníka mú ìtìjú lọ bá Tíṣà. Ìyẹn kò pariwo. Ó kàn bi í pé kí ló ń lé e. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tún un ṣe, wọ́n ń yọ ìdọ̀tí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ̀wé bẹ ìkànnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbé ìka wọn kúrò, wọ́n sì kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà. Oṣù keje ni wọ́n tó gbà á padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú. Ó gbé àwọn aago àtijọ́ tó wà nílé kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú wọn, ó sì ya fọ́tò wọn ní ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Ó dín ìwúwo fọ́tò kù kí ìkànnì lè máa tètè ṣí lórí fóònù tálákà. Ó kọ ohun tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, torí àwọn ìránṣẹ́ ẹ̀rọ kò lójú tí wọ́n fi ń wo àwòrán. Ẹni tó bá kọ̀wé béèrè nǹkan, ó ń dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan kọ̀wé pé, "Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni yín," Aníka fi rín ẹ̀rín odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ka ìkànnì rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún aago ṣe náà darí èèyàn síbẹ̀, láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n. Ó kúrò ní ojúewé kọkànlá, ó bọ́ sí ìkẹfà, ó bọ́ sí ìkẹta. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dé ojúewé kìíní, ó jókòó síbi kẹrin.

Ẹ̀rọ a máa fi iye ẹni tó gba ojúewé kọ̀ọ̀kan wọlé hàn án. Aago Tó Ń Tiro kò ní ẹnì kankan fún ọdún méjì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà, ó rí i níbẹ̀: ẹnì kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà dé.

Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mi ò mọ̀ yín. Bàbá mi tún aago ṣe títí ó fi kú. Èyí tó fi sílẹ̀ fún mi dúró, mi ò sì mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ohun tó ṣe é ju bí bàbá mi ṣe máa ń pè é lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ojúewé yín ló jáde. Mo wo fọ́tò bàbá àgbà tó wà níbẹ̀. Ojú bàbá mi ni. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Dúró-ná?"

Aníka dìde, ó lọ dúró sídìí ẹ̀rọ omi nílé ìdáná, ó ṣí i, ó tún tì í. Ìgbà tó padà jókòó ló tó rí i pé lẹ́tà náà kò tíì tán. Ọmọ náà ní bàbá òun kú ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá. Ó ní nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó sọ fún òun fún ìgbà àkọ́kọ́ pé òun náà ní àwọn èèyàn níbì kan, pé bàbá tó bí òun a máa tún aago ṣe. Ó ní kí òun bá a wá wọn lórí fóònù. "Gbogbo oṣù kẹrin la fi wá yín, Mà. A ò rí nǹkan kan."

Aníka tẹ lẹ́tà náà jáde sórí ìwé, ó gbé e tọ Tíṣà lọ. Tíṣà kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Aníka bi í pé bí kì í bá ṣe ti ohun tí òun ṣe yẹn, ojúewé wo ni ìkànnì náà ì bá wà nínú oṣù kẹrin èṣí.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Tíṣà."

Obìnrin náà wo orí tábìlì. "Ìkeje, bóyá. Ìkẹjọ."

Aníka ní, "Ẹni tó ń kú lọ á ṣí ojúewé méje."

 Tíṣà fà á mọ́ra, ohun tí kò ṣe rí, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó ń ti ilé ìkówèésí fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ìyá ló ṣòro jù láti kojú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Aníka fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹrin, bó ṣe ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, Dúró-ná bímọ. Obìnrin ni."

Ìyá ní, "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Aníka ń fi òróró pa ẹsẹ̀ náà lọ. Ìyá na ọwọ́, ó wá ojú rẹ̀ kàn, ó rí i pé ó tutù. Ó ní, "Ìgbà wo?" Aníka sọ fún un. Arúgbó náà kò ké. Ó ń mi orí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó béèrè bóyá iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ṣe. Aníka ní òun ló ṣe. Ó béèrè bóyá ó gbé ìyàwó. Aníka ní ó gbé. Lẹ́yìn náà ni Aníka kúnlẹ̀, tó sì sọ gbogbo rẹ̀, ti ẹnu ọ̀nà, ti ìdánwò, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ohun tó ti gbé sínú fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ìyá ní, "O ò sọ fún bàbá ẹ."

"Mi ò sọ, Mà."

"Ó yẹ kó o sọ."

 Ìyá kò lé e, kò sì ní òun dárí jì í. Ó kàn ní kó bá òun fi aṣọ bo ẹsẹ̀ òun, pé òtútù ń mú òun. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, àmọ́ nígbà mìíràn, bí Aníka bá ń bọ́ ọ, á di ọwọ́ rẹ̀ mú gbọin-gbọin, á sì gbàgbé láti jẹun.

Ọmọ náà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lo ọjọ́ mẹ́rin. Bó ṣe ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó lọ́ra bẹ́ẹ̀, ìyá fi ọwọ́ méjèèjì wá gbogbo ojú rẹ̀, imú, àgbọ̀n, etí, ó ní, "Ìwọ rèé." Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọmọ náà fi sùn lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó sọ fún Aníka pé bàbá òun kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nílé láìdáa rí, pé ohun tó kàn máa ń sọ ni pé ẹ̀gbọ́n òun lè tẹ̀wé ju gbogbo ayé lọ. Aníka gbọ́ ọ, ó dìde, ó jáde síta. Kò sọ ohun tó mọ̀ fún un. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá sùn, kò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Aníka kọ ojúewé kan tí kò jẹ mọ́ àìsàn aago. Ó kọ nípa àbúrò rẹ̀, ó sì kọ òótọ́ síbẹ̀, títí kan ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹrin. Kó tó gbé e síta, ó fi í ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé bó bá ní kí òun má gbé e síta, òun ò ní gbé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò gbúròó rẹ̀. Aníka ń dá àwọn tó ń béèrè nǹkan lóhùn, ó ń se oúnjẹ ẹnì kan, ó ń nu ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́tà dé. Ọmọ náà ní òun ti ń fi irinṣẹ́ bàbá òun kọ́ iṣẹ́ náà, pé ẹnì kan gbé aago tó ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá wá fún òun, òun ti tú u títí, òun ò mọ ibi tí wàhálà wà. Kí ni bàbá àgbà máa ń ṣe sí irú rẹ̀? Kò sọ nǹkan kan nípa ojúewé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kó má gbé e síta. Aníka ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ohun tó lè wà láàárín ìlà, kò rí i. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, láti orí irin tó ń ka iye tí aago máa lù.